Skadi: ọmọ òmìrán tó di òrìṣà

Ta ni Skadi?

Òrìṣà ìgbà òtútù àti ọdẹ ni, láàárín àwọn ará Nọ́wè àti Iceland, kí ẹ̀sìn Kristi tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Orí òkè ló ń gbé, ní Thrymheim, ilé bàbá rẹ̀. Á de pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ méjì mọ́ ẹsẹ̀, á máa fi yọ̀ lórí yìnyín, á gbé ọrun àti ọfà dání, á máa ta ẹran.

Ọ̀tá làwọn òmìrán àtàwọn òrìṣà. Báwo ni ọmọ òmìrán ṣe wá di ọ̀kan lára wọn?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ló fà á. Thjazi bàbá rẹ̀ ló ní kí wọ́n jí Idunn gbé fún òun, ẹni tí èso ápù ọwọ́ rẹ̀ kì í jẹ́ káwọn òrìṣà darúgbó. Wọ́n gba Idunn padà, wọ́n sì pa Thjazi. Ni Skadi bá dìhámọ́ra ogun, ó dé àṣíborí, ó forí lé Asgard, ìlú àwọn òrìṣà, láti gbẹ̀san.

Wọn ò bá a jà. Wọ́n ní kó gba ìtánràn: kó mú ọkọ láàárín wọn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ nìkan ni yóò rí. Ó rí ẹsẹ̀ kan tó dán, ó mú un, ó rò pé ti Baldr arẹwà ni. Àṣé Njord ni, òrìṣà òkun!

Ó tún ní àfi kí wọ́n pa òun lẹ́rìn-ín. Loki, ẹlẹ́tàn àárín àwọn òrìṣà, bá so okùn mọ́ irùngbọ̀n ewúrẹ́, ó so orí kejì mọ́ kórópọ̀n ara rẹ̀. Ewúrẹ́ ń fà, Loki ń fà, àwọn méjèèjì ń han gooro. Skadi bú sẹ́rìn-ín. (Snorri Sturluson, ará Iceland, ló kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1220, èmi kọ́ o.)

Ìgbéyàwó náà ńkọ́?

Kò tọ́jọ́. Igbe ìkookò orí òkè sú Njord. Ariwo ẹyẹ etí òkun kì í jẹ́ kí Skadi sùn. Kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Ṣé ó wá dárí ji àwọn tó pa bàbá rẹ̀?

Ó gbà lẹ́nu, àmọ́ kò dárí ji Loki. Nígbà táwọn òrìṣà de Loki mọ́ òkúta nítorí ìwà ibi rẹ̀, Skadi ló so ejò olóró kọ́ sókè ojú rẹ̀ gan-an. Sigyn, ìyàwó Loki, ń gbé àwo gbe oró náà bó ti ń kán. Bí àwo bá kún, tó lọ dà á nù, oró á kán sí Loki lójú, á wá máa jàgùdù débi tí ilẹ̀ fi ń mì tìtì.