Kí ẹ tó ní kí n fi yín mọ ẹni ńlá

Tí ẹnì kan bá wọ ọ́fíìsì mi ní òpópónà Táíwò, tó jókòó, tó wá rẹ ohùn sílẹ̀, mo ti mọ ohun tó fẹ́ sọ: "Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọ̀rẹ́ mi fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwò kan. A ò wá owó o. Ẹ ṣáà bá wa wá kọnẹ́ṣọ̀n." Ìṣirò owó àti ìforúkọsílẹ̀ òwò ni iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n ní Ìlọrin níbí, ẹni tó bá ti ń bá CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, da nǹkan pọ̀, àwọn èèyàn gbà pé ó mọ gómìnà.

N kò mọ gómìnà. Ohun tí mo mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dá a lóhùn.

Àwọn ọmọkùnrin méjì kan wá bá mi lẹ́yìn Iléyá. Ọ̀kan kàwé kọ̀ǹpútà, ìyá ìkejì ń ta ata ní ọjà Mándéètì. Tàtàṣé ni wọ́n ń sá ní Gánmọ̀, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń dì í sínú ọ̀rá, wọ́n sì fẹ́ máa gba oníbàárà lórí fóònù. Wọ́n gbé ọ̀rá kan lé tábìlì mi. Mo tú u. Òórùn rẹ̀ dára, ó sì pọ́n dáadáa, àmọ́ nígbà tí mo fi ìka fún un, ó ṣù. Ata tó gbẹ kì í ṣù. Èyí tó kàwé ní, "Tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó máa ń bu," ó sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ tí kò já mọ́ nǹkan. Ohun tó gbé wọn wá ni pé kí n bá wọn wá ẹni tó mọ sẹ́nétọ̀.

Kí ni sẹ́nétọ̀ fẹ́ fi ata tó ń bu ṣe?

Ní òpópónà Asa Dam, nínú ìlú wa níbí, ni olú ilé-iṣẹ́ NSPRI wà. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, ìwádìí lórí bí irè oko kò ṣe ní bàjẹ́ lẹ́yìn ìkórè ni iṣẹ́ wọn. Kí ata má bu gan-an ni wọ́n ń gba owó oṣù lé lórí. Ẹ tún mú ọ̀nà Ajàṣẹ́-Ìpo, ẹ ó rí ARMTI, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní bí a ṣe ń ṣàkóso òwò oko. Ìdófìàn ni NCAM wà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ oko àti ẹ̀rọ tí a fi ń sọ irè oko di oúnjẹ. Ẹni tí òwò rẹ̀ bá jẹ́ ti kọ̀ǹpútà lásán, Ilorin Innovation Hub wà. Ojoojúmọ́ là ń gun mọ́tò kọjá lára pátákó àwọn ibí yìí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo mọ̀ tó ní kí èèyàn mú lẹ́tà sẹ́nétọ̀ wá kó tó béèrè ọ̀rọ̀.

Ẹni tó tilẹ̀ sún mọ́ àwọn ọmọ yẹn jù, wọn ò kà á kún: ìyá tó wà ní Mándéètì. Mo ní, "Oṣù wo ni tàtàṣé máa ń pọ̀ yanturu, tó máa ń rọjú?" Àwọn méjèèjì wojú ara wọn. Ẹni tó ń ta ata lójoojúmọ́ wà nílé, wọ́n ń wá olùdámọ̀ràn ní Àbújá.

Ọ̀rọ̀ tún wà lórí bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí èèyàn. Wọ́n fi èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá kan lórí WhatsApp hàn mí: "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta sà. A nílò ìmọ̀ràn àti àtìlẹ́yìn yín lórí okòwò wa." Ọ̀gá náà dáhùn: "Ọlọ́hun á ṣe é." Kí ló tún fẹ́ sọ? Ìbéèrè kò sí nínú rẹ̀. A jókòó, a tún un kọ, bí ẹni pé obìnrin kan ní NSPRI là ń kọ ọ́ sí: "Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi àti ẹnìkejì mi ń sá tàtàṣé ní Gánmọ̀. Tí a bá dì í sínú ọ̀rá, ó ń bu ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Ṣé ọ̀rá ni kò dára ni, àbí omi ló kù nínú ata? A lè mú díẹ̀ wá kí ẹ wò ó. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré là ń bẹ̀bẹ̀ fún." Ẹni tó bá mọ ìdáhùn kì í lè pa ẹnu mọ́ tó bá rí irú èyí. Ẹ̀dá ni, ó ń wù ú kó sọ ohun tó mọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ jábọ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Wọ́n á gba ìmọ̀ràn, wọ́n á ní ẹ ṣeun, ó parí, àfi ìgbà tí wọ́n bá tún nílò nǹkan. Tí ẹ bá padà lẹ́yìn oṣù kan, tí ẹ ní, "Mà, a fi ọjọ́ méjì kún sísá rẹ̀ bí ẹ ṣe wí, èyí tó jáde nìyí," obìnrin yẹn ti di ẹni yín. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé, "Ẹ lọ rí lágbájá ní NAFDAC, ẹ ní èmi ni mo ní kí ẹ wá." Ẹ ó sì nílò NAFDAC, torí oúnjẹ tí ẹ bá dì sínú ọ̀rá fún títà gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà wọn. Kọnẹ́ṣọ̀n tí ẹ ń wá kiri náà kọ́ nìyẹn?

Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ sì jọ lọ. Tí ẹnì kan bá dá lọ, ohun tó wù ú ló máa gbọ́, òun náà ló máa wá sọ fún ìkejì.

Ẹni tó bá sì ní òun ó mú yín mọ máníjà báńkì, kí ẹ fún òun ní 20 nínú 100 òwò yín, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ dìde. Ìmúnimọ̀ kan kò tó ìdá márùn-ún òwò.

Ó ku ọ̀rọ̀ àárín ẹ̀yin méjèèjì, òun sì ni mo máa ń fẹ́ kọ́kọ́ gbọ́. Mo fún àwọn ọmọ yẹn ní ègé ìwé kọ̀ọ̀kan, mo ní kí wọ́n kọ ìpín olúkúlùkù láìwo ti ẹnìkejì. Ọ̀kan kọ "ìdajì-ìdajì." Ìkejì kọ "60 tèmi, 40 tirẹ̀, ilẹ̀ ẹbí wa là ń sá a sí." Mo tẹ́ ìwé méjèèjì sílẹ̀. Fáànù nìkan ló ń dún.

Tí ẹ bá forúkọ òwò nìkan sílẹ̀ ní CAC, ẹ̀yin àti òwò yín kò yàtọ̀ síra: gbèsè tí ọ̀kan bá jẹ lórúkọ òwò, wọ́n lè wá gbà á lọ́wọ́ ìkejì. Kọ́ńpìnnì límítẹ́ẹ̀dì ni ó máa ń di ẹni ọ̀tọ̀ lójú òfin. Òfin kọ́ńpìnnì ti ọdún 2020 ní kí owó ìpín kọ́ńpìnnì aládàáni má dín ní ₦100,000. Ó tún ní ìpinnu ńlá, bíi yíyí orúkọ padà, gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò, nítorí náà ẹni tó ní 30 nínú 100 ti lè dí i. Tó bá jẹ́ ìdajì-ìdajì, ìpinnu kékeré pàápàá lè há, àfi tí ẹ bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tí yóò là yín.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn tó ń dá òwò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní ọgbọ́n kan sí i tó wù mí: wọn kì í kó ìpín léni lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, ọdún mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń fi gbà á díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá lọ kí ọdún kan tó pé, ọwọ́ òfìfo ló ń gbé lọ. Ẹni tó bá ṣe ọdún méjì, ó mú ìdajì tirẹ̀.

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi kò kọ nǹkan kan nígbà tí a ṣí ṣọ́ọ̀bù ìfọ́tòkọ́pì ní Òkè-Odò. Owó mi la fi ra jẹnẹrétọ̀, òun ló ń tún un ṣe lóṣooṣù títí ó fi jọ pé kò sí nǹkan tuntun nínú rẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nígbà tí ó kó lọ, ó gbé e dání. Ó ṣì wà lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà. Mo máa ń rí i tí mo bá lọ kí màmá, wọ́n ti da àpò bò ó, àwa méjèèjì kì í sì í dárúkọ rẹ̀.