Bí hamster tuntun ṣe ń mọ ọwọ́ ẹni

Eku ni hamster, bí ọmọ tó ń sìn ín ní London kò tilẹ̀ ní gbà pé ó bá èyí tó ń jẹ gàrí wa tan. Síríà ni èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí irun rẹ̀ pọ́n bí oyin, ti wá. Lọ́dún 1930, Israel Aharoni, onímọ̀ nípa ẹranko, ní kí wọ́n gbẹ́ oko àlìkámà kan nítòsí Aleppo, wọ́n sì bá ìyá kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ nínú ihò. Ẹ̀rù ba ìyá náà débi pé ó pa ọ̀kan nínú ọmọ rẹ̀. Àtọmọdọ́mọ àwọn tó ṣẹ́ kù ló kún ilé káàkiri ayé lónìí.

Ẹ̀rù yẹn ṣì wà lára wọn. Ẹranko òru ni, ojú rẹ̀ kò sì ríran jìnnà. Imú ló fi ń mọ ilé, imú náà ló fi ń mọ ọ̀tá. Bó bá dé àgò tuntun, òórùn ibi tó ti wá ti pòórá. Ìdí nìyẹn tó fi ń sá kiri, tó ń walẹ̀, tó ń fi ìhà ra igun gbogbo: ìhà rẹ̀ méjèèjì ló ti ń tú òórùn jáde, ó ń sàmì sí ilé rẹ̀ ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni kí a fi í sílẹ̀, pẹ̀lú omi, oúnjẹ, ibi ìsápamọ́ àti bébà jíjá tó nípọn ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ. Ẹni tó bá kó gbogbo bébà náà dànù nítorí ìmọ́tótó ti pa àmì náà rẹ́, ìbẹ̀rù á sì tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀ nínú ti àtijọ́ ló yẹ kó kù.

Ọwọ́ ló kàn. Kó tó dé, kí òórùn rẹ̀ ti ṣáájú: a ó fi tíṣù tí kò ní lọ́fínńdà nu àtẹ́lẹwọ́, a ó sì fi í sínú àgò lálẹ́. Tó bá di àárọ̀, ó lè ti wọ́ ọ lọ síbi tó ń sùn. Ó ti ń sun orí òórùn ẹni nìyẹn, láìtíì fojú kan ọwọ́.

Lálẹ́, tó bá jí fúnra rẹ̀ (ẹni tó bá jí i lọ́sàn-án, ẹnu ló máa fi dáhùn), ọwọ́ tí a ti fọ̀ ni kí a tẹ́ sílẹ̀, ká fi kóró sunflower kan sí i. Ọwọ́ tó ń rùn ẹja, oúnjẹ ló máa pè é. Nígbà àkọ́kọ́, á na ọrùn, á já a gbà, á kì í sí àpò ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi ti òkété, á sì sá lọ. Tó bá di alẹ́ mélòó kan, á gbé ẹsẹ̀ iwájú lé ìka. Lọ́jọ́ tó bá jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́, tó pa kóró náà níbẹ̀ tó sì jẹ ẹ́ tán, a lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Òmíràn á lo ọ̀sẹ̀ kan, òmíràn á lo oṣù kan.

Ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbé e, láti ìsàlẹ̀. Ọwọ́ tó bá tòkè bọ̀, àṣá ni lójú rẹ̀. Ilẹ̀ la sì ń jókòó sí, torí ó lè fò láìwo ibi tó ń lọ.