Tí sensor jíà F-150 bá ń ṣe ségesège: ibi tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wò

Ká ní ọkọ̀ Ford F-150 ọdún 1997 sí 2003 ni, èyí tó ń lo jíà ọ̀tọ́mátíìkì tí wọ́n ń pè ní 4R70W, èèyàn yí kọ́kọ́rọ́ nínú Park kò jí, ó gbé e sí Neutral ó jí wàì, ẹ má tíì sọ pé bátìrì ló kú o. Sensor kékeré kan wà lára jíà lọ́hùn-ún lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà, bóòtù méjì ló dì í mú, irin tí lífà jíà ń yí ló gba àárín ẹ̀ kọjá, òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé P la wà, R la wà, D la wà. Àwọn rewáyà wa ń pè é ní neutral switch, wọn ò sì parọ́, torí iná tó ń lọ síbi kíkì sítátà àti iná rífáàsì, inú ẹ̀ ni méjèèjì ń gbà. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé tó bá ti ń ṣàìsàn, wàhálà á pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ọkọ̀ ò ní jí, iná rífáàsì ò ní tàn, jíà á máa wọlé pẹ̀lú gbì.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Wáyà mẹ́rin ló ń ti ibẹ̀ lọ sí kọ̀ǹpútà, bí lífà bá ṣe ń yí, àwọn kan á gbá gíráùn (ìyẹn ara irin ọkọ̀ tí iná ń gbà padà sí bátìrì), àwọn kan ò ní gbá, ipò kọ̀ọ̀kan ló sì ní bí tiẹ̀ ṣe ń rí. Tí kọ̀ǹpútà bá rí èyí tí ò bá ipò kankan mu, á kọ kóòdù àṣìṣe P0705. Kóòdù P0708 náà wà níbẹ̀, wáyà tó já ló sábà máa ń fà á. Àmọ́ àwọn kóòdù yìí ò sọ pé sensor ló bàjẹ́ o, ọ̀nà tí iná ń gbà ló ń sọ, ibí yìí gan-an lowó àwọn èèyàn ti ń ṣòfò.

Ẹ kọ́kọ́ fi òkúta dí táyà kó má yí, ẹ fa handbrake, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì jí ẹ́ńjìnì, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ so ẹ̀rọ scan, èyí tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rí, mọ́ ọn kẹ́ ẹ máa gbé lífà díẹ̀díẹ̀ láti P dé 1, ẹ wo ohun tí scan ń kọ. Tó bá ń fi ipò kan ju ibi tí lífà wà tàbí dín sí i ní gbogbo ìgbà, kébùlù lífà ló ti yẹ̀, tàbí bushing rọ́bà tó wà lẹ́nu kébùlù ti gbẹ tó ti já, ìyẹn ò gbówó rárá. Tó bá pé ṣùgbọ́n tó ń fò síwá sẹ́yìn tẹ́ ẹ bá mi wáyà, ẹ yọ plug ẹ̀, ẹ wò ó bóyá omi tàbí ọ́ìlì jíà ti wọ̀ ọ́, bóyá pin ti dípẹtà. Ìgbà tí wáyà, gíráùn àti kébùlù bá dáa, tí ipò kan ò sì hàn rárá, ìgbà yẹn la tó lè fura sí sensor fúnra ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀, inú Neutral ni kí jíà wà, kí àmì ara sensor bá ara wọn mu kẹ́ ẹ tó di bóòtù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ tuntun á tún máa ṣe bíi ti àtijọ́. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ lórí bíréèkì, ẹ dán jíjí ẹ̀ wò ní gbogbo ipò: P àti N nìkan ló gbọ́dọ̀ jí. Tó bá jí nínú D, ẹ tú bóòtù yẹn padà, ẹ má jẹ́ kó jáde lọ sí títì.