Ẹ̀tọ́ ìtọ́jú ọmọ, nígbà tí òbí kò ní ìwé ìgbélùú

Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló gbé fóònù fún mi pé kí n gbọ́ ohùn ọmọ òun obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà. Ẹkún ló ń sun. Ọkọ rẹ̀, tó ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní bí wọ́n bá dé kóòtù, òun ni wọn yóò gbé ọmọ fún, torí ìyàwó kò ní pépà.

"Ṣé bó ṣe rí nìyẹn, ọmọ mi?"

Kò rí bẹ́ẹ̀ o, Màmá. Ẹ̀tọ́ ìtọ́jú ọmọ ni ọ̀rọ̀ ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ yóò máa gbé, àti ẹni tí yóò máa pinnu ilé ìwé àti ìtọ́jú ara rẹ̀. Kóòtù ìpínlẹ̀ ló ń dá ẹjọ́ yẹn lọ́hùn-ún. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú. Ire ọmọ ni adájọ́ ń wò: ta ló ń wẹ̀ ẹ́, ta ló ń mú un lọ sílé ìwé, ọwọ́ ta ni ara ti ń tù ú. Àìní ìwé nìkan kò tó gba ọmọ lọ́wọ́ òbí. Lọ́dún 2009, kóòtù tó ga jù ní ìpínlẹ̀ Nebraska dá ẹ̀tọ́ ìyá kan lórí ọmọ rẹ̀ méjì padà fún un, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti lé e padà sí Guatemala, orílẹ̀-èdè rẹ̀. Kóòtù náà ní pé Amẹ́ríkà rọrùn ju Guatemala lọ kò tó ìdí láti já ọmọ gbà lọ́wọ́ abiyamọ.

Àmọ́ n kò ní tan ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti òbí mọ́lé nítorí àìní ìwé, ta ni yóò mú ọmọ nílé ìwé? Bí kò bá lè ṣiṣẹ́, lọ́yà ọkọ yóò ní kò lówó ilé. Kí ìyá náà tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, lẹ́tà tíṣà, gbogbo rìsíìtì, kó sì kọ orúkọ ẹni tí yóò gba ọmọ dání sílẹ̀. Bí ọkọ bá ń lù ú, òfin Amẹ́ríkà tọdún 1994 fún un láyè láti béèrè ìwé fúnra rẹ̀, láìfi ti ọkọ ṣe.

"Kó kúkú gbé e wá bá mi ní Abẹ́òkúta."

Mo ké mọ́ Màmá. Nàìjíríà kò sí nínú àdéhùn láàárín àwọn orílẹ̀-èdè tọdún 1980, tí wọ́n ń pè ní àdéhùn Hague, tó ń dá ọmọ tí òbí gbé sá padà, ìyẹn ló ń mú kó dà bí ohun tó rọrùn. Ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà tọdún 1993 lè sọ òbí tó gbé ọmọ sá jáde láti fi du òbí kejì sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́ta. Ẹjọ́ tí ìyá ìbá jàre yóò sì dẹ̀bi.

Ó gba fóònù, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀: "Ọmọ mi, má gbé e wá o. Wá lọ́yà."