Ẹ̀tẹ̀ inú Léfítíkù: kí ni àlùfáà ń wá lára èèyàn?

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì lọ́jọ́ kan, arábìnrin kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè díẹ̀: àwọ̀ funfun ti gba ọwọ́ rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Wọ́n ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ Léfítíkù orí 13 nìyẹn, kó lọ wádìí ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé èmi ni wọ́n ń bá wí níbẹ̀?” Ó dùn mí wọra, torí orí Bíbélì tí wọ́n nà sí i gan-an ló ń gbèjà rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà, “ẹ̀tẹ̀”, ló kọ́kọ́ ṣì wá lọ́nà. Tsaraat ni Hébérù pè é. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì pè é ní lepra, Bíbélì tiwa sì pè é ní ẹ̀tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ̀ tí dókítà mọ̀, èyí tí Hansen ará Nọ́wè rí kòkòrò rẹ̀ ní 1873, kì í mú aṣọ, kì í mú ògiri. Tsaraat ń mú wọn. Ara tó yọ egbò tútù, irun ojú àbàwọ́n tó di funfun, aṣọ irun àgùntàn tó bu, ògiri tó ń yọ àwọ̀ ewé tàbí pupa, orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́.

Kí ló pa wọ́n pọ̀? Ikú ni. Wọ́n jọ ohun tó ń jẹrà. Nígbà tí tsaraat mú Míríámù, ohun tí Áárónì bẹ Mósè ni pé kó má ṣe jẹ́ kó dà bí òkú ọmọ tí ìdajì ẹran ara rẹ̀ ti jẹ tán kó tó jáde nínú ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ní in yóò fa aṣọ rẹ̀ ya, yóò tú irun rẹ̀ sílẹ̀, yóò bo ètè òkè: ìṣe ọlọ́fọ̀ ni, ara rẹ̀ ló sì ń ṣọ̀fọ̀. Ọlọ́run alààyè wà láàárín ibùdó Ísírẹ́lì, nítorí náà àwòrán ikú gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn ibùdó.

Bó bá jẹ́ pé àkóràn ni wọ́n ń bẹ̀rù, wọn ò ní ṣe ohun tó wà ní orí 14: bí àbàwọ́n bá yọ lára ògiri ilé, àlùfáà ní kí wọ́n kó gbogbo ẹrù jáde kí òun tó wọ ilé náà wò, kí ẹrù má baà di aláìmọ́. Títí àlùfáà yóò fi sọ̀rọ̀, ẹrù náà mọ́.

Mo wá ṣí orí 13 fún un. Ẹsẹ 12 àti 13: bó bá bo èèyàn láti orí dé ẹsẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ sì di funfun, ó mọ́. Ẹsẹ 38 àti 39: ọkùnrin tàbí obìnrin tí àbàwọ́n funfun ràkọ̀ràkọ̀ yọ lára rẹ̀, ó mọ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e.

Orí 13 látòkè délẹ̀ kò bi aláìsàn ní ẹ̀ṣẹ̀ tó dá. Lóòótọ́, ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ wà ní orí 14, àmọ́ ìyá ìkókó náà ń rú u ní orí 12, ọmọ bíbí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àlùfáà kì í fún ẹnikẹ́ni lóògùùn. Ó ń wò, ó ń dúró ọjọ́ 7, ó tún ń wò. Nígbà tí ara bá yá, òun ló ń jáde lọ bá onítọ̀hún lẹ́yìn ibùdó. Wọ́n á mú ẹyẹ méjì wá, wọ́n á pa ọ̀kan sínú ìkòkò amọ̀ lórí omi tó ń ṣàn, wọ́n á ri èkejì bọ inú ẹ̀jẹ̀ náà, wọ́n á sì jẹ́ kó fò lọ sí pápá. Ẹni tí ara rẹ̀ yá náà á fá gbogbo irun rẹ̀, títí kan ìpéǹpéjú, bí ọmọ tuntun. Ní ọjọ́ kẹjọ, àlùfáà á fi ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà òróró, kan etí ọ̀tún rẹ̀, àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún àti ti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ibi mẹ́ta yẹn náà ni Mósè fi ẹ̀jẹ̀ kàn lára Áárónì àtàwọn ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tó yà wọ́n sí mímọ́ fún iṣẹ́ àlùfáà. Tálákà lè mú ọ̀dọ́ àgùntàn kan àti àdàbà méjì wá dípò àgùntàn mẹ́ta, ṣùgbọ́n ìwọ̀n òróró rẹ̀ kò dín, ibi mẹ́ta náà ni wọ́n sì ń fi kàn án.