Àwo blues àti spirituals àtijọ́: ṣé ó ti di ti gbogbo ayé?

Ní ọjọ́ 1 oṣù Ṣẹ́rẹ́, ìròyìn máa ń jáde pé ẹ̀tọ́ àwọn tó ni àwọn àwo orin àtijọ́ kan ti tán ní Amẹ́ríkà, pé ẹnikẹ́ni lè lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn tó ní àwo From Spirituals to Swing nílé, tí blues (orin ìbànújẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà) àti spirituals (orin ẹ̀mí wọn) wà lórí rẹ̀, wá ń béèrè bóyá tiwọn náà ti bọ́ sí i.

Àwo wo nìyẹn?

Àwo méjì nínú páálí kan ni. Vanguard, ilé iṣẹ́ àwo orin kan, ló gbé e jáde lọ́dún 1959. Púpọ̀ nínú orin rẹ̀ wá láti òde eré méjì tí John Hammond, ẹni tó ń ṣe àwo orin, ṣètò ní gbọ̀ngàn Carnegie Hall, ní New York, nínú oṣù Ọ̀pẹ 1938 àti 1939.

Ṣé Robert Johnson, olórin blues nì, wà níbẹ̀?

Rárá. Hammond ń wá a láti pè é ni ó gbọ́ pé ó ti kú ní ọjọ́ 16 oṣù Ògún 1938, ọmọ ọdún 27. Big Bill Broonzy, olórin blues mìíràn, ló gba ipò rẹ̀. Síbẹ̀, Hammond gbé gírámafóònù sórí ìtàgé lálẹ́ eré ti 1938, ó fi orin Johnson méjì sí i, gbogbo gbọ̀ngàn sì ń gbọ́ ohùn ẹni tó ti wà nínú ilẹ̀ láti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Ara mi kì í gbà á tí mo bá rántí.

Ṣé lóòótọ́ ni àwọn àwo kan ti di ọ̀fẹ́?

Bẹ́ẹ̀ ni. «Crazy Blues» tí Mamie Smith kọ lọ́dún 1920 ti di ọ̀fẹ́ láti 2022.

Ti 1938 kò wá ní pẹ́ dé nìyẹn?

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́. Orin lọ́tọ̀, ohùn tó wà lórí àwo lọ́tọ̀. Àwọn ẹrú ló fi ẹnu dá ògbólógbòó spirituals sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé òun ló ni ín. Ẹ fi ẹnu ara yín kọ ọ́, kò sí ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ohùn Mitchell's Christian Singers, àwọn ọkùnrin tó ń kọrin láìsí ohun èlò kankan lórí àwo yìí, ní ẹni tó ni ín. Ọdún tí àwo jáde ni òfin Amẹ́ríkà ti 2018 ń wò, kì í ṣe ọdún tí wọ́n kọrin. Èyí tó jáde láàárín 1923 sí 1946 ní 100 ọdún kó tó di ọ̀fẹ́. Ti 1947 sí 1956 ní 110. Èyí tó jáde lẹ́yìn ìyẹn, títí di ọjọ́ 14 oṣù Èrèlé 1972, kò ní di ọ̀fẹ́ títí di ọjọ́ 15 oṣù Èrèlé 2067. Ọdún 1959 ni tiwa jáde. Ẹ ṣírò ó.

Ṣé mo lè gbé e sórí YouTube?

Ẹ má ṣe é. Ẹni tó ni ín lè ní kí wọ́n yọ ọ́, kí ó sì kó bá ìkànnì yín. Ẹ máa gbọ́ ọ nílé, ìyẹn ò ní wàhálà.

Kí ni ká bẹ̀rù fún àwo fúnra rẹ̀?

Ooru. Mo gbàgbé tèmi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ká kò bí ewé tó gbẹ. Abẹ́rẹ́ ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀ bí ọkọ̀ ojú omi. Ẹ gbé àwo dúró, ẹ má tò wọ́n lé ara wọn. Bí ẹ bá sì ní èyí tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ má fi spirit nù ún, torí ó máa ń jẹ ẹ́.