Ara bàálù oníhò nínú géèmù Besiege

Ara bàálù oníhò ni ara bàálù tí àwọn olùṣeré Besiege máa ń kàn, tí wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ bo egungun rẹ̀ lóde, tí wọ́n sì fi inú rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Ilé-iṣẹ́ Spiderling Studios ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe géèmù náà. Ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2015 nígbà tí iṣẹ́ ṣì kù lórí rẹ̀. Odindi rẹ̀ jáde ní oṣù Èrèlé ọdún 2020. Ẹ̀rọ ogun ayé àtijọ́ tó ń wó ilé olódi ni wọ́n ní kí olùṣeré kàn. Bàálù kò bá ayé yẹn mu, ṣùgbọ́n ìyẹ́ àti abẹ̀bẹ̀ wà lára ohun èlò tí géèmù fi sílẹ̀, ìyẹn sì ti tó.

Ìdí tí wọn kì í fi í fi igi dí inú rẹ̀ ju ìwúwo lọ. Igi kọ̀ọ̀kan ló ní ìwúwo tirẹ̀, oríkèé tó lè já ló sì so ó mọ́ èkejì. Kọ̀ǹpútà ní láti máa ṣírò gbogbo oríkèé wọ̀nyí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá ti pọ̀ jù, géèmù á máa wọ́ bí ìgbín.

Bí káfíńtà ṣe ń to igi òrùlé kó tó kan páànù ni wọ́n ṣe ń kàn án. Ọ̀pá ẹ̀yìn ló ń ṣáájú, férémù bí egungun ìhà tẹ̀ lé e, pákó ló kẹ́yìn. Ọ̀pá ìdè, tí olùṣeré ń fà láti ojú kan dé òmíràn, ni wọ́n fi ń dábùú inú rẹ̀. Láìsí i, ara bàálù gígùn á máa gbọ̀n bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì, nítorí pé bí oríkèé kọ̀ọ̀kan ṣe ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀ sí i dé ìrù.

Níbí ni Besiege ti yàtọ̀ sí bàálù gidi. Lára Deperdussin Monocoque, bàálù eré ìje ilẹ̀ Faransé ti ọdún 1912, tó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje bàálù Gordon Bennett lọ́dún náà àti ní 1913, awọ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ló ń gba agbára ìfò sára. Bàálù ogun Mosquito ti ilé-iṣẹ́ de Havilland, tó kọ́kọ́ fò ní ọdún 1940, tún rọrùn láti fojú inú wò: ìlàjì méjì ni wọ́n fi igi mọ ara rẹ̀, wọ́n to okùn àti páìpù sínú wọn, kí wọ́n tó pa wọ́n dé bí èèpo ẹ̀pà. Nínú Besiege, ọ̀pá ìdè ló ń ru ẹrù náà, ìyẹ́ àti abẹ̀bẹ̀ ló sì ń gbé bàálù sókè. Ẹwà ni pákó ara rẹ̀ wà fún jù lọ, kí a má purọ́.

Òfìfo inú náà ni wọ́n ń kó ìbọn àgbá àti bọ́ǹbù sí. Ibi tí wọ́n bá kó wọn sí ló ń pinnu bóyá imú ni yóò wúwo jù tàbí ìrù. Géèmù lè fi ojú ibi tí ìwúwo ti dọ́gba han olùṣeré; iwájú ìyẹ́ díẹ̀ ló dára kó wà. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi òkúta ìwúwo, tí a lè dín kù tàbí fi kún, sí imú. Bí bọ́ǹbù bá já bọ́ tán, ojú náà tún yí padà, nítorí náà apá òfìfo tó wà ní ọ̀gangan ìyẹ́ ni wọ́n sábà máa ń fi bọ́ǹbù sí.

Pákó ń jóná nínú Besiege, iná a sì máa ran láti igi kan dé èkejì. Àwọn mìíràn ń fi páànù irin bo ikùn bàálù; irin kì í jóná, àmọ́ ó ń fi kún ìwúwo tí abẹ̀bẹ̀ ní láti gbé.